Ìtura Tí Mo Rí Nínú Ahéré Ìgbóná

Ìwọ tí ara rẹ ti ń gbóná láti ìjẹta, tí ẹ̀yìn ń dùn ọ́ bí ẹni pé wọ́n fi ọmọ odó gún un, tí o sì ń bẹ̀rù láti la ẹnu kí àwọn ará ilé má baà wo inú rẹ̀, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Efúnbọ̀dé ni orúkọ mi. Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti relé ọkọ. Àìsàn tí o ń bẹ̀rù yìí ti ṣe mí rí. Mi ò ní tàn ọ́. Ó ń pa èèyàn, ó sì gba nǹkan lọ́wọ́ mi tí kò dá a padà. Ṣùgbọ́n mo wà láàyè, mo sì fẹ́ kí o mọ bó ṣe ń rí, kó má jẹ́ pé inú òkùnkùn ni wàá ti pàdé rẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Nígbà náà, ogun ń lọ lókè, ṣùgbọ́n ọjà aṣọ kò dúró. Àwọn oníṣòwò ń kó aṣọ Ìjẹ̀bú gba Ẹ̀pẹ́ lọ sórí ọ̀sà, ọkọ mi Sùnmọ́nù sì wà lára wọn. Èmi ni mo ń hun aṣọ, òun ló ń tà á. Ó máa ń lo oṣù kan lọ́nà kó tó dé. Ilé ìyá rẹ̀ ni a ń gbé. Ìyá náà jẹ́ obìnrin onímọ̀ọ́tótó, kì í fi ìrun rẹ̀ jáfara, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í pọ̀. A bí ọmọbìnrin kan, Ràmátù, tí kò tíì já lẹ́nu ọmú.

Aṣọ ìyàwó ni mo ń hun lọ́jọ́ náà fún ẹbí kan ní Ayépé. Ó ku ìwọ̀n apá kan kí n parí rẹ̀. Mo na ọwọ́ láti fa òwú, ẹ̀yìn mi sì dùn mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dorí kọ òfì. Mo rò pé ìjókòó ló fà á. Nígbà tó di ọ̀sán, òtútù ń mú mi nínú oòrùn, orí mi ń fọ́, mo sì bi gbogbo ẹ̀kọ tí mo mu láàárọ̀.

“Ibà ni,” ni ìyá ọkọ mi wí. Ó se àgbo fún mi. Mo mu ún fún ọjọ́ mẹ́ta, ara mi sì ń gbóná sí i. Mo lá àwọn àlá tí kò ní orí, tí kò ní ìdí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ara mi ṣàdédé fúyẹ́. Ibà náà lọ sílẹ̀, mo jókòó, mo fún ọmọ mi lọ́mú, mo sì béèrè oúnjẹ. Jọ̀wọ́ fi èyí sọ́kàn: má jẹ́ kí ìfúyẹ́ yẹn tàn ọ́. Bí ìgbóná ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó wọlé gan-an.

Mo ní ẹnu ń ta mí. Ìyá ọkọ mi ní kí n la ẹnu. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó ń wò ó. Ó na ọwọ́, ó gba Ràmátù lẹ́sẹ̀ mi, ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ náà lọ́wọ́.

“Efúnbọ̀dé,” ó wí, “má dìde níbẹ̀.”

Ìgbà tí mo fún ọmọ mi lọ́mú kẹ́yìn nìyẹn. Bí mo bá mọ̀ ni, mi ò bá tí jẹ́ kó tètè yó.

Ìròyìn dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Ògúnnáìkè dé ní ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku. Ó ti ṣe àìsàn náà ní kékeré, ojú rẹ̀ sì fi hàn. Nítorí náà, òun nìkan ni kò bẹ̀rù láti wọ yàrá mi. Ìgbà tó dé ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti bẹ àlùfáà kan níṣẹ́, ó kọ ọ̀rọ̀ sára wàláà, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n ní kí n mu omi rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní omi wàláà kò lè bá Olóde, òrìṣà tó ni ìgbóná, sọ̀rọ̀, pé àwọn ará ilé wa mọ bí a ṣe ń bẹ̀ ẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé mi lọ sílé. Ìyá ọkọ mi ní obìnrin tí ọmọ òun fẹ́ kò ní lọ bọ òrìṣà nítorí àìsàn. Wọ́n ń sọ ọ́ ní àgbàlá, mo sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí ẹní mi. Kò sí ẹni tó yọjú láti béèrè ohun tí èmi fẹ́. Mo mu omi wàláà nígbà tí ìyá gbé e wá. Mo mu àgbo èèpo igi nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé e wá. Méjèèjì korò, mo sì bì wọ́n pọ̀.

Níkẹyìn wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ohun kan ṣoṣo: kí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan ní Ìjagun tó mọ ewé. Ẹ̀gbọ́n mi pọ̀n mí ní ìdájí, ó fi aṣọ bò mí lórí. Nígbà tí a débẹ̀, èrò ti kún àgbàlá. Wọ́n jókòó sórí ìtì igi, wọ́n tò dé ìdí ọgbà: ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́, ẹni tí inú ń run, ìyá tó gbé ọmọ oníwárápá dání. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ wọlé. Àwa náà jókòó sí ìdí ìlà. Atẹ́gùn ọyẹ́ fẹ́, aṣọ orí mi sì ṣí. Obìnrin tó wà níwájú wa wo ojú mi, ó dìde, ó lọ jókòó sọ́nà jíjìn. Ẹni tó tẹ̀ lé e dìde pẹ̀lú. Kò pẹ́ tí kò fi sí ẹnikẹ́ni níwájú wa mọ́. Àwa la kàn, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì jókòó gbóná.

Bàbá náà jáde, kò kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó wò mí láti ibẹ̀.

“Ọjọ́ mélòó ló ti yọ?” ó bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè.

“Ọjọ́ méjì, bàbá.”

“Má gbé e padà sínú ìlú. Ahéré wà lẹ́yìn igbó yẹn. Obìnrin kan ń bẹ tó ń tọ́jú wọn.”

“Bàbá, kò sí ewé kankan?”

“Bí ewé bá wà, ṣé mi ò ní já a?”

Bí mo ṣe dé inú ahéré nìyẹn. Òrùlé ewé, ògiri imọ̀ ọ̀pẹ, ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ mi sílẹ̀, ó lo ọjọ́ méjì níbẹ̀, ó sì ní láti padà sí oko rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní ẹlòmíràn tó ń fún wọn lóúnjẹ. Kí ó tó lọ, ó sọ fún mi pé wọ́n ti dáná sun àwọn aṣọ mi. Kì í ṣe èyí tí mo wọ̀ nìkan. Wọ́n sun aṣọ ìyàwó ará Ayépé náà, wọ́n sun gbogbo èyí tí mo hun láti ọdún tó kọjá tó wà nínú àpótí, wọ́n sì sun òfì pẹ̀lú òwú tó wà lórí rẹ̀. Ohun tí àìsàn yìí kọ́kọ́ ná mi nìyẹn. Mo béèrè ọmọ mi. Ó ní òun kò rí i kí òun tó kúrò nílé.

Obìnrin tó ń tọ́jú wa ni wọ́n ń pè ní Ìyá Ìmóbì, nítorí pé Ìmóbì ní apá odò lọ́hùn-ún ló ti wá, níbi tí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti pàdé omi. Wọ́n mú un wá sí òkè ní ọmọdé, ó ṣe ẹrú, ó sì ra ara rẹ̀ padà. Ojú rẹ̀ kún fún àpá ju ti ẹ̀gbọ́n mi lọ. Nígbà tó wọlé lọ́jọ́ kìíní, mo na ọwọ́ sí i.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò mí sàn.”

“Mi ò lè wò ọ́ sàn, ọmọ mi. Kò sí ẹni tó lè wo èyí sàn. Mo wá láti tù ọ́ lára ni.”

Inú bí mi. “Kí ni ìyẹn wúlò fún?”

Ó jáde, ó gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ mi. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà. Ìgbà tí àwọn oówo kéékèèké tó yọ sí mi lára kún fún omi, tí wọ́n bo gbogbo ara mi dé àtẹ́lẹsẹ̀, ni mo tó mọ̀ ọ́n. Ẹní ìbá ti lẹ̀ mọ́ mi lára, ìbá sì máa fa awọ mi ya ní gbogbo ìgbà tí mo bá yí padà. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tutù, ó ń yọ̀, kì í lẹ̀. Ó ń pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó ń po osùn mọ́ omi, ó ń fi ìyẹ́ adìyẹ kùn mí, nítorí pé ọwọ́ èèyàn ti wúwo jù fún ara mi. Ó ń fi ìyẹ́ mìíràn rẹ ojú mi. Ó ń po ẹ̀kọ tútù kó ṣàn bí omi, ó sì ń kán an sí mi lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lọ́dọ̀ mi. Àwa mélòó kan ló ń tọ́jú, ọ̀pọ̀ ahéré náà sì jìnnà síra. Bó bá ti lọ, ó di ọjọ́ kejì. Ìwọ tó ń gbọ́ mi, mo fẹ́ kí o gbára dì fún èyí ju ìrora lọ. Ìrora máa ń wá, ó sì máa ń rọlẹ̀. Àìrẹ́nìkan kì í rọlẹ̀. Mo ń ka imọ̀ ọ̀pẹ tó wà lára ògiri. Mo ń sọ̀rọ̀ sókè kí n lè gbọ́ ohùn èèyàn. Mo ń gbọ́ ìró àwọn tó ń rìn lójú ọ̀nà oko lọ́nà jíjìn, ìró náà á sì yára nígbà tí wọ́n bá sún mọ́ tòsí wa.

Ní ọjọ́ kan, mo ń sunkún, mo sì gbọ́ ohùn ọkùnrin kan láti inú ahéré tó sún mọ́ tèmi jù, lẹ́yìn ìgbẹ́.

“Ta ni tuntun tó wà níbẹ̀ yẹn?”

Ó yà mí lẹ́nu. Mo sọ orúkọ mi.

“Èmi ni Bùráímọ̀. Àwọn ọmọ ni mo ń kọ́ ní kéú nínú ìlú. Mi ò lè dìde, bóyá ìwọ náà ò lè dìde. Torí náà, a ti di aládùúgbò.”

Àlùfáà Bùráímọ̀ ti wà níbẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú mi. Mi ò rí ojú rẹ̀ rí, títí di òní. Mo mọ ohùn rẹ̀ nìkan, ohùn àgbàlagbà tó máa ń dánu dúró lójijì láti mí. Ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísọ nìkan, ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, bí mo ṣe fẹ́ràn òwú.

Láàárọ̀ kan, Ìyá Ìmóbì ń da omi lé mi léjìká, mo sì mí kanlẹ̀, mo ní, “Ó tù mí lára.”

Àlùfáà gbọ́ ọ. “Efúnbọ̀dé, ṣé o mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tí o sọ yẹn ti wá?”

“Àlùfáà, ọ̀rọ̀ lásán ni.”

“Kò sí ọ̀rọ̀ lásán. Ìtura. Tú u palẹ̀, wàá rí tù, wàá rí ara. Tù yẹn, òun náà ló wà nínú tutù. Kí ni àwọn ará oko ń pe ohun tí wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ kí ayé má baà gbóná? Ètùtù. Kí sì ni orúkọ àìsàn tiwa? Ìgbóná. Ìtura ni kí ohun tó ń jó di tútù. Àwọn Lárúbáwá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ràhá ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ náà sì bá orúkọ tí wọ́n ń pe atẹ́gùn tan.”

Ìyá Ìmóbì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ nìyẹn. “Àlùfáà, ìwé lẹ mọ̀, ẹ ò mọ omi. Bàbá mi, atukọ̀ ni. Kí ni atukọ̀ ń tù?”

“Ọkọ̀.”

“Ṣé ó ń fi omi tútù wẹ̀ ẹ́ ni?”

“Tù ìyẹn yàtọ̀, Ìyá.”

“Kò yàtọ̀. Bí ìjì bá ká èèyàn mọ́ orí ọ̀sà, atukọ̀ ò lè dá ìjì dúró. Kò sì lè gbé èrò fò. Ohun tó lè ṣe ni kó mú orí ọkọ̀ kọjú sí ìgbì, kó má jẹ́ kó fẹ̀gbẹ́ sí i, kó máa tù ú díẹ̀díẹ̀ títí omi á fi rọlẹ̀, tàbí títí wọn á fi dé ibi tí omi ń gbé wọn lọ. Ohun tí mò ń ṣe fún yín nìyẹn. Mò ń tu ara yín bí ọkọ̀.”

Àlùfáà ní, “Ìtùnú wá ńkọ́? Ṣé inú náà ń wọ ọkọ̀?”

“Inú gan-an ló ń tètè rì,” ni Ìyá Ìmóbì wí.

Mo rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí kárí ojú nítorí awọ mi ti le. Àlùfáà ní, “Ó dáa. Efúnbọ̀dé, ìwọ ni adájọ́ wa. Ta ló jàre?”

“Ẹ jẹ́ kí n rò ó. Màá dá yín lóhùn lọ́la.”

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ojú mi ti dì pa. Oówo ti bo ìpéǹpéjú mi, ọ̀fun mi sì wú tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè sọ̀rọ̀. Èyí ni apá tó burú jù. Mi ò ríran, mi ò lè pe ẹnikẹ́ni, mo sì ń gbọ́ òórùn ara mi bí òórùn ohun tó ti bàjẹ́. Mo gbọ́ tí Àlùfáà pè mí. “Adájọ́, o ti rò ó?” Igbá omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀kan. Ó yé e. “Kò tíì rò ó tán,” ó wí, bí ẹni pé àwọn èèyàn jókòó tì í.

Láti ọjọ́ yẹn, ó ń pè mí láràárọ̀, mo sì ń kan igbá. Mo sì ń rò ó lóòótọ́. Mo dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn ojú mi, mo ń gbé ọ̀rọ̀ kékeré yẹn yí po. Mo gbìyànjú láti ti ọwọ́ bọ omi kí n fi kan èjìká ara mi. Omi náà tutù, ṣùgbọ́n kò tù mí. Nígbà tí Ìyá Ìmóbì bá da omi kan náà lé mi, ó ń tù mí. Mo rò ó títí, kò sì yé mi.

Láàárín ìgbà yẹn ni ọkọ mi wá. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú ọ̀nà.

“Efúnbọ̀dé. Mo ti dé láti Ẹ̀pẹ́.”

Mi ò lè dáhùn. Mo kan igbá, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

“Mo gbé òrí wá fún ọ. Mo gbé e síbí.” Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń padà. “Ràmátù wà.”

Ó lọ. Mi ò mọ̀ bóyá “Ràmátù wà” túmọ̀ sí pé ara rẹ̀ le, tàbí pé kò tíì kú. Mo gbé ọ̀rọ̀ méjì yẹn dání fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nígbà tí Ìyá Ìmóbì dé, ó rí òrí náà, ó bi mí bóyá ọmọ mi ni mò ń rò, mo sì kan igbá. Ó lọ sí ìlú lọ́jọ́ kejì, ọ̀nà kò sì sún mọ́, ó sì padà wá sọ fún mi pé òun fojú ara òun rí ọmọ náà, pé ó ń sáré lé adìyẹ ní àgbàlá.

Àárọ̀ kan wá tí Àlùfáà kò pè mí. Mo dúró. Mo kan igbá lẹ́ẹ̀kan, mo kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń kàn án títí Ìyá Ìmóbì fi wọlé tó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi.

“Àlùfáà ti lọ sí ìrìn-àjò,” ó wí.

Ní àkókò tiwa, a kì í pe ikú ẹni tí ìgbóná mú ní ikú, a kì í sì í sunkún lórí rẹ̀. Wọ́n ní Olóde kò fẹ́ ẹkún. Mo dùbúlẹ̀, mo sì ń gbé omijé mì. Ìyá Ìmóbì jókòó tì mí pẹ́ ju bó ṣe máa ń ṣe lọ.

“Mo wà níbẹ̀,” ó wí. “Mò ń kán omi sí i lẹ́nu. Ó béèrè bóyá o ti rò ó tán.”

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, oówo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ojú ọ̀tún mi là. Ti òsì là pẹ̀lú, ṣùgbọ́n funfun ni mo ń fi í rí, kò sì tíì yàtọ̀ títí di òní. Nígbà tí ohùn mi padà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá Ìyá Ìmóbì sọ ni pé, “Ìyá, mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, bóyá láti inú omi tútù ni tàbí láti inú ọkọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èèyàn kì í dá tu ara rẹ̀. Mo dán an wò. Ó ní láti jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń ṣe é fún un. Àgbo, èèyàn lè dá a mu. Ìtura, ó di kí ẹnìkan wá.”

Ó ń kó àwọn ewé gbígbẹ jọ. Ó dáwọ́ dúró. “Ó yẹ kí Àlùfáà gbọ́ èyí,” ó wí, ó sì jáde.

Wọ́n jẹ́ kí n padà sílé nígbà tí èépá ti ṣí tán lára mi. Mo rò pé àdádó mi ti parí. Mi ò mọ̀ pé ilé ni yóò ti le jù. Ràmátù wo ojú mi, ó ké, ó sì sá sẹ́yìn ìyá àgbà rẹ̀. Sùnmọ́nù ti padà sí Ẹ̀pẹ́. Ó fẹ́ ìyàwó kan síbẹ̀, ó sì ń fi òwú ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi dáwọ́ dúró. Mi ò bá a jà. Èèyàn tó ń bẹ̀rù ni, kì í ṣe ìkà. Ìyá ọkọ mi fún mi ní yàrá ẹ̀yìn ilé. Ó ń kí mi láràárọ̀, ó ń ṣàníyàn bóyá mo ti jẹun, ṣùgbọ́n ó ya àwo mi sọ́tọ̀, ó ya igbá omi mi sọ́tọ̀. Mo tún gbé òfì kalẹ̀, mo sì tún ń hun, síbẹ̀ àwọn tó ń rà á kò fẹ́ mọ̀ pé ọwọ́ mi ló hun ún. Àwọn aládùúgbò ń kí mi láti òdìkejì ọ̀nà.

Ìyá Ìmóbì ránṣẹ́ pè mí ní ọyẹ́ ọdún kejì. Ìgbóná tún ti dé, àwọn tó wà nínú ahéré ti pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ kan lè tọ́jú. Ẹni tó bá ti ṣe é kì í tún ṣe é mọ́. Mo lọ. Mo ti ń lọ láti ìgbà náà. Nígbà tí Ìyá Ìmóbì darúgbó, èmi ni mo tọ́jú òun náà, mo sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí dé òpin.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ọ pé bí ó bá jẹ́ ìwọ ló kàn, má mu gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé wá. Jẹ́ kí wọ́n fún ọ ní omi. Má họ ara. Dùbúlẹ̀ sórí ewé. Bí o bá gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni ní tòsí, dá a lóhùn, kódà bó jẹ́ igbá ni wàá kàn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ará ilé rẹ ló wà nínú ahéré, má rò pé nítorí pé o kò ní oògùn, o kò ní nǹkan kan tí o lè ṣe. Bí o bá ti ṣe é rí, wọlé. Bí o kò bá ṣe é rí, dúró sójú ọ̀nà, kí o sì sọ̀rọ̀ tó yanjú. Má sọ pé ọmọ rẹ̀ “wà.” Sọ ohun tí ọmọ náà ń ṣe.

Ní báyìí, irun mi ti funfun. Ojú kan ni mo fi ń ríran, ó sì tó fún òwú. Ìka mi ṣì ń gbọ́ tèmi. Ìyá ọkọ mi ti kú, yàrá ẹ̀yìn ilé sì ni mo ṣì wà, nítorí ó ti mọ́ mi lára. Ràmátù ti wà nílé ọkọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó sì ní ọmọ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fi sún mọ́ mi ju ẹnu ọ̀nà lọ. Mo mọ̀ pé kò kórìíra mi. Ojú mi ló kọ́kọ́ bà á lẹ́rù láyé rẹ̀, ìyẹn kì í sì í tètè kúrò lára.

Ní Iléyá tó kọjá, ó wá kí mi. Mo bu ìkọ́kọrẹ́ sínú àwo kan fún un, mo sì na ọwọ́ sí àwo tèmi. Ó ní, “Ìyá, ẹ má bu òmíràn.” Ó fa àpótí ìjókòó sún mọ́ mi, ó ti ọwọ́ bọ àwo kan náà pẹ̀lú mi, a sì jẹun. Nígbà tí a jẹ ẹ́ tán, ó kó àwo náà, ó sì lọ fọ̀ ọ́.